Aṣọ Ara Àlùmọ́gàjí

"Ó tún ti mú òmíràn," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. Kò pariwo. Ó gbé ìkòkò ike náà sílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà bí ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá sọ́dọ̀ dókítà, ó sì sún sẹ́yìn.

Bàbá Onígi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Júnípà, igi ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà, ni igi náà, ọlọ́dún mẹ́ta, kò ga ju orúnkún lọ. Láti ìdí dé àárín, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n lókè, ṣóńṣó ẹ̀ka mẹ́rin ti ṣá. Wọn kò tíì gbẹ tán. Àwọ̀ wọn kàn ti pọ́n bí irin tó ń dípẹtà, nísàlẹ̀ ibi tó pọ́n náà, nǹkan kan tó dà bí òrùka eérú yí ẹ̀ka ká. Ó fi èékánná ha á. Nǹkan dúdú wínníwínní lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ìkelòó rèé?" ni ó bi í.

"Ìkẹtàdínlógún."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Onígi."

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. Ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀, òjò kò rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kò yọ, gbogbo inú ọgbà igi náà sì móoru bí abẹ́ ìbora. Ó wo ọ̀wọ́ ìkòkò tó wà níwájú, ó wo àyè àwọn tí wọ́n ti gbé kúrò. Ó dà bí ẹnu tí eyín ti ń jábọ́ níbẹ̀.

"Omi ni," ni ó wí.

"Omi báwo?"

"Orí wọn lẹ ń da omi sí. Ìdí ni wọ́n ń bomi rin, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń bomi rin. Júnípà kì í fẹ́ kí orí òun tutù di alẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi."

Ìyá Jẹ́jẹ́ gbé rọ́bà omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó Bàbá Onígi ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, nítorí pé kò sí ohun tó lè mú un sáré. Ó máa ń sọ pé bí ilé bá ń jóná, Ìyá Jẹ́jẹ́ yóò kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀ rí kó tó jáde.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bomi rin níbí," ni obìnrin náà wí. "Èmi tí n kì í fọ orí ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣé orí igi ni n ó wá máa fọ̀ lójoojúmọ́?"

Nígbà mìíràn, ìyẹn ì bá pa á lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá pé ogún," ni ó wí, "ẹ máa lọ sílé."

Ìyá Jẹ́jẹ́ wò ó. "Ẹ̀yin lẹ ni ọgbà," ni ó wí, ó sì gbé rọ́bà rẹ̀, ó rọra bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Onígi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le jù. Ó mọ̀ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù igi mẹ́tàdínlógún. Igi kan ṣoṣo ló ń rò. Òun ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Igi. Láti inú kóró èso kan ni ìyàwó rẹ̀ ti gbìn ín ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ewé rẹ̀ ní àwọ̀ kan tó jọ èéfín òwúrọ̀, kò pé dúdú, kò pé búlúù, àwọn oníbàárà sì máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀. Gbogbo júnípà tó wà nínú ọgbà, ẹ̀ka tí wọ́n gé lára igi yìí gbìn ni wọ́n, àfi mẹ́ta tó rà lọ́wọ́ akiri-ta kan ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Obìnrin tó gbìn ín ti kú ní oṣù méje sẹ́yìn. Bí igi náà bá tẹ̀ lé e, Bàbá Onígi kò mọ ohun tí òun yóò tún máa jí sí láràárọ̀.

Ó fa àlùmọ́gàjí ìgẹ̀ka yọ nínú àpò, ó gé ṣóńṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà jù sílẹ̀. Àlùmọ́gàjí ìyàwó rẹ̀ ni. Rọ́bà pupa tó wà lára èèkù rẹ̀ ti bó láti ọjọ́ pípẹ́, ìyàwó náà sì ti ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lára búláòsì iṣẹ́ rẹ̀ búlúù kan tó ti gbó, ó wé e mọ́ ọn yí ká. Aṣọ náà ti dúdú fún òógùn àti oje igi. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Bí Bàbá Onígi bá di àlùmọ́gàjí náà mú, àtàǹpàkò tirẹ̀ a bọ́ sí ojú ibẹ̀.

Ó nu ojú irin náà mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó dá a padà sínú àpò.

*

Ọ̀sán ni ọmọ rẹ̀ obìnrin dé. Nọ́ọ̀sì ni, láti ibi iṣẹ́ ló sì ti wá. Bàtà funfun rẹ̀ ti gba ẹrọ̀fọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó sì gbé kúlà oúnjẹ tó mú wá sílẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"O káàbọ̀."

"Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀, ó mọ̀ pé kò tíì jẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe láti oṣù méje nìyẹn. Wọn kò jà. Wọ́n kàn ń kí ara wọn.

Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ohun tí wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà kó tó padà sílé. Ní ọjọ́ kẹfà, ojú egbò náà yípadà. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ti parí. Bàbá Onígi dúró láàárín wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan, ó fẹ̀sọ̀ bi wọ́n. "Ọwọ́ ta ni kò mọ́?" Dókítà ń wo ìwé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo dókítà. Ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Kì í ṣe ilé ìwòsàn tirẹ̀, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ ti bojú wẹ̀yìn wò ó, ilẹ̀ ni ó ń wò. Bàbá Onígi kò gbàgbé pé ilẹ̀ ni ó ń wò.

Ní báyìí, ọmọ náà dúró síwájú àwọn igi tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n fẹ́ sun.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Àrùn."

"Irú èwo?"

"Ṣé o fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́ ni?"

Ìyá Jẹ́jẹ́, tó ń kó igi gbígbẹ sínú ìdajì àgbá níwájú níbẹ̀, wúkọ́ díẹ̀. Ọmọ náà fara mọ́ ọn. Ó lóṣòó, ó gbé ike pélébé kan tó so mọ́ ẹ̀ka igi àkọ́kọ́ sókè, ó ka ohun tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ sí i. Ó gbé ti ìkejì. Ó gbé ti ìkẹta.

"Bàbá, ọjọ́ kí ni wọ́n kọ sára wọn yìí?"

"Ọjọ́ tí mo gé orí wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka sí i. Ìlànà ìyá rẹ ni. Igi tí a bá ti fi irin kàn, a gbọ́dọ̀ so ọjọ́ mọ́ ọn."

Ọmọ náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ìkòkò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n. Bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ fún un pé kó má ba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n bó ti ń tò wọ́n náà pa á lẹ́nu mọ́. Ó ń tò wọ́n bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá, tí kò sì fẹ́ rí i.

"Mẹ́jọ rèé, ọjọ́ kẹrin oṣù tó kọjá," ni ó wí. "Márùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án. Mẹ́ta, ọjọ́ kejìlá. Òní kọ́ ni ẹ rí ọ̀kan yìí? Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn wo ló kọ́kọ́ ṣàìsàn?"

"Àwọn ti ọjọ́ kẹrin," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn tí bàbá yín rà. Lẹ́yìn náà àwọn tó tẹ̀ lé wọn."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Gbogbo wọn wo ẹ̀yìn ọgbà. Júnípà méjìlélógójì ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró ṣinṣin, kò sí ṣóńṣó kan tó ṣá. Kò sí ike pélébé lára ìkankan nínú wọn.

"N kò tíì gé àwọn yẹn," ni Bàbá Onígi wí.

"Rọ́bà kan náà ni mo fi ń bomi rin wọ́n o," ni Ìyá Jẹ́jẹ́ wí, bí ẹni ń bá igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ kan náà."

Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Ní wọ́ọ̀dù tiwa," ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Sọ ọ́."

"Kò sí nǹkan, Bàbá."

"Mo ní kí o sọ ọ́."

"Bí ohun kan bá ń mú àwọn aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, tó ń tò tẹ̀ lé ara wọn, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí wo omi tàbí afẹ́fẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹni tó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì la máa ń wò."

Nínú àgbá, iná ti ń mú díẹ̀díẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì gòkè; ó ń rá pálá nílẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò.

"Ìgò sípíríìtì Ìyá dà?" ni ọmọ náà bèèrè.

Ìgò náà ti máa ń wà lórí tábìlì iṣẹ́ rí, òun àti òwú tó wà nínú agolo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gé igi kan tán, yóò nu ojú irin kó tó kan òmíràn. Gbogbo igi, gbogbo ìgbà. Bàbá Onígi ti rí i tó ń ṣe é títí kò fi rí i mọ́, bí èèyàn kì í ti í rí ẹni tó ń mí.

"Ó wà lábẹ́ tábìlì," ni ó wí.

"Ẹ kò lò ó mọ́?"

"Mo ń lò ó tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, mo ṣì ń lò ó. Lọ́jọ́ kan, sípíríìtì náà ṣàn kọjá ojú irin, ó wọ ibi aṣọ." Ó yọ àlùmọ́gàjí náà jáde, ó wò ó. "Nígbà tí mo ya ọwọ́, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi ti di búlúù. Aṣọ náà ń ṣí. Òórùn ìyá rẹ sì ti lọ ní apá kan, òórùn sípíríìtì ló kù. Mo ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, láàárín oṣù kan, kò ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Ọmọ rẹ̀ wo aṣọ náà. Ó dájú pé òun náà mọ búláòsì tí wọ́n ti ya á.

"Ẹ̀ bá ti yọ aṣọ náà, Bàbá, kí ẹ tó nu irin."

"Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé e," ni ó wí.

Ìyẹn nìkan ni gbogbo àlàyé tó ní. Bó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ọjọ́sí, bó ti fẹ̀sọ̀ bèèrè, bó ti lọ kálẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbà á. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Oje igi ti lẹ̀ mọ́ ọn láàárín ìka, ó dúdú.

Ojú ilẹ̀ ni òun náà ń wò báyìí.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yípadà. "Ṣé ẹ fi gé Ìyá Igi?"

"Rárá. N kò fọwọ́ kan Ìyá Igi láti..." Ó dúró.

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Ẹ̀ka kan," ni ó wí. "Kékeré. Mo gé e fún inú yàrá."

*

Wọn kò sáré, ṣùgbọ́n Ìyá Jẹ́jẹ́ pàápàá yára rìn. Igi náà tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gùn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lọ, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì tẹ̀ gòkè, ó bo ìdajì fèrèsé yàrá. Lára ẹ̀ka yìí ni ike pélébé kan ti ń mì jẹ́jẹ́. Àṣà ti mọ́ ọn lára débi pé nígbà tó gé nǹkan tí kò gùn ju ìka lọ, tó gbé e wọnú ilé láti fi sínú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti so ọjọ́ mọ́ ibi tó ti gé e.

Ọmọ náà kà á. "Ọjọ́ kọkàndínlógún."

Bàbá Onígi ti ń ṣírò kó tó sọ ọ́. Oṣù tó kọjá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Òní sì jẹ́ ọjọ́ keje. "Ọjọ́ méjìdínlógún," ni ó wí.

"Ọjọ́ mélòó ló ń gbà kó tó hàn?"

"Ogún. Mọ́kànlélógún. Nígbà mìíràn méjìlélógún."

"Ó ṣì lè máà ní nǹkan kan."

Bàbá Onígi ti sún mọ́ ẹ̀ka náà, ó fojú wá a láti ibi tó ti gé e lọ síta. Ọmọ rẹ̀ náà tẹjú mọ́ ọn, kò rí nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ tutù lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Onígi ti ń jí rí igi yìí. Ó na ìka sí ṣóńṣó méjì tó wà létí ibi tó gé náà.

"Wò ó."

"N kò rí i, Bàbá."

"Àwọ̀ rẹ̀. Ó ti ń ṣá díẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ na ọrùn. Ó ṣe hẹ̀n, kò sì rán an létí ọ̀rọ̀ omi.

"Kí ni ẹ máa ṣe?" ni ọmọ náà bèèrè.

"Bí a bá gé ṣóńṣó nìkan, ó lè ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ojú kò lè rí i." Bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ni ó ń sọ̀rọ̀. "Gbogbo ẹ̀ka yìí ló gbọ́dọ̀ lọ. Láti ìdí."

"Ṣé yóò tún hù?"

"Júnípà kì í hù padà níbi tí wọ́n bá ti gé e dé igi. Bó ṣe máa wà nìyẹn."

Ọmọ náà gbójú sókè wo fèrèsé. Lẹ́yìn ẹ̀ka náà ni bẹ́ẹ̀dì wà. Ní gbogbo àkókò tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ, òjìji ẹ̀ka yìí ni ó máa ń wò lára ògiri.

Bàbá Onígi padà sídìí tábìlì iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìgò náà yọ lábẹ́ rẹ̀. Eruku ti bò ó. Ó jókòó lórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú aṣọ náà. Kò tètè tú. Oje igi ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ń ya ní àbọ̀ àbọ̀, ó sì ń fi sùúrù bá a lọ, ó ń ká a sọ́wọ́ òsì rẹ̀ bó ti ń bọ́. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn kò ti dé láti ọdún pípẹ́ wá, aṣọ náà ṣì búlúù gan-an. Ó wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò gbé e sí imú.

Ó rìn lọ sídìí àgbá, ó ju aṣọ náà sí i. Ó pẹ́ kí iná tó mú un, nítorí ó tutù.

"Ìyá Jẹ́jẹ́."

"Mo ń gbọ́."

"Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ni."

Obìnrin náà fi igi ti àwọn ẹ̀ka sísun wọnú iná. "Kò burú," ni ó wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí bàtà mi kí ẹ tó lé mi."

Ohun kan rìn lójú Bàbá Onígi, kò dé ẹnu. Ó da sípíríìtì sórí òwú, ó nu ojú irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó nu èèkù rẹ̀ tí kò laṣọ mọ́, irin lásán tó tutù. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Ọmọ rẹ̀ rò pé yóò lọ sídìí igi náà. Ṣùgbọ́n ó yí àlùmọ́gàjí náà po, ó na èèkù rẹ̀ sí i.

"Ìwọ ni kí o gé e."

"Bàbá, n kò gé igi rí."

"N ó fi ibi tí o ó gé hàn ọ́." Kò wo ilẹ̀ nígbà tó sọ èyí tó kù. "Ọwọ́ tìrẹ mọ́."

Ọmọ náà gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da sípíríìtì sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́, bí wọ́n ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà ni ó gba àlùmọ́gàjí.

Ẹ̀ka náà nípọn tó àtàǹpàkò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kó tó já. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ṣú náà wọlé tààrà láti ojú fèrèsé, wọ́n sì rí bẹ́ẹ̀dì, àti ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka kékeré tó ti gbẹ nínú rẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ fa ẹ̀ka ńlá náà lọ sídìí iná. Ọmọ náà wọlé lọ mú ti inú ife wá, ó fi lé e.

Ike tó wà lára ẹ̀ka náà ti bá a lọ. Bàbá Onígi mú tuntun, ó kọ ọjọ́ òní sí i, ó so ó mọ́ ìdí igi nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n gé. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ojú ọgbẹ́ náà.

"Ọjọ́ mélòó la máa dúró?" ni ọmọ rẹ̀ bèèrè.

"Méjìlélógún."

"N ó máa wá."

"Kò sí nǹkan tí o máa rí fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́."

"N ó ṣáà máa wá, Bàbá."

Ó wo igi náà, àti ojú àyè tó ṣófo lára rẹ̀, àti àwọn ṣóńṣó tó kù, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́tàdínlógún náà ti tutù rí.

"Oúnjẹ wo lo gbé wá?" ni ó bi í.